Bí Ènìyàn Ṣe Ń Di Ọmọ Ọlọ́run: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá ní Èkìtì

Léraléra la máa ń gbọ́ àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní kíláàsì Bíbélì ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn ìsọjí, àti lórí fóònù lóru nígbà tí ẹni tó ń béèrè kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. A kó wọn jọ síbí. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín, kí ẹ sì ṣí Bíbélì yín sílẹ̀ bí ẹ ti ń kà á.

Ta ni ọmọ Ọlọ́run?

Ẹni tó gba Jésù Kristi gbọ́ ni. Jòhánù 1:12 ló sọ ọ́ ní ṣókí jù: iye àwọn tó gbà á, àwọn ni ó fi agbára fún láti di ọmọ Ọlọ́run, àní àwọn tó gba orúkọ rẹ̀ gbọ́. Ẹsẹ 13 wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun gbogbo mìíràn: kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ti ìfẹ́ ara, kì í ṣe ti ìfẹ́ ènìyàn. Ìdílé kò lè fún yín, òbí kò lè fún yín, àlùfáà náà kò lè fún yín. Ọlọ́run ló ń bí ọmọ tirẹ̀.

Gálátíà 3:26 sọ ohun kan náà, ó sì fi kún un ní ẹsẹ 28 pé kò sí Júù tàbí Gíríìkì, ẹrú tàbí òmìnira, ọkùnrin tàbí obìnrin níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bi wá bóyá ti àwọn obìnrin yàtọ̀, ẹsẹ náà ti dáhùn.

Òun kọ́ ló dá gbogbo wa ni? Ẹ ṣe wá ń sọ pé a ní láti di ọmọ rẹ̀?

Òun ló dá gbogbo wa, Bíbélì kò sì fi èyí ṣeré. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dúró níwájú àwọn ará Áténì (Ìṣe 17:28-29), ó gbà pẹ̀lú akéwì wọn pé ìran Ọlọ́run ni ènìyàn jẹ́. Nítorí náà kò sí ọmọ ènìyàn kan, Kristẹni, Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe, tí a lè fojú tín-ín-rín.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi Ábúráhámù yangàn ni Jésù dojú kọ ní Jòhánù 8 tó ní bàbá wọn kì í ṣe Ọlọ́run. Nikodémù, tó jẹ́ olùkọ́ni ní Ísírẹ́lì, ni ó sì sọ fún pé àfi kó di àtúnbí. Kí á dá ènìyàn jẹ́ ọ̀tọ̀; kí ó wà nínú ilé kó máa pe Onílé ní Baba, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá-bàbá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ nílùú wa. Kò tó ni?

Lọ́dọ̀ tiwa, ìbéèrè yìí ló ṣòro jù láti dáhùn láìbí ènìyàn nínú. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìgbàgbọ́ ti wọ Èkìtì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà ogun wá: wọ́n gbọ́ ìhìnrere níbi tí wọ́n kó wọn lọ, wọ́n sì mú un bọ̀ wálé. Ní 1893 ni wọ́n fi Charles Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù, tó fi Oǹdó ṣe ibùjókòó, iṣẹ́ rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni ti 1930: Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà kí ìpè tó dé bá a, wàásù ní Òkè-Ooye ní Iléṣà, kò sì pẹ́ tí ìsọjí náà fi dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní 1959.

Ohun tí àwọn bàbá wa wọ̀nyẹn ṣe gan-an ni kí ẹ wò. Bí ìgbàgbọ́ bá ṣeé jogún, àwọn fúnra wọn kì bá tí di Kristẹni, torí ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn kì í ṣe èyí. Olúkúlùkù wọn ló gbọ́, tó gbà, tí àwọn kan nínú wọn sì rí ìjà ẹbí nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jọ wọ́n, kó ṣe bí wọ́n ti ṣe. Kó má jókòó ti orúkọ wọn.

Káàdì ìjọ, owó ìdámẹ́wàá, aṣọ ẹgbẹ́, oyè Bàbá Ìjọ, a kò sọ pé kò dára. (Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan ń san owó ìjọ kí àlùfáà má baà kọ òkú wọn lọ́jọ́ ìsìnkú.) Wọ́n ń sọ ìjọ tí ènìyàn wà. Ẹni tó bí i kọ́ ni wọ́n ń sọ.

Kí ni kí n ṣe gan-an?

Onítúbú ìlú Fílípì béèrè èyí lóru ọjọ́ kan tí ilẹ̀ mì tìtì tí gbogbo ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí (Ìṣe 16). Pọ́ọ̀lù àti Sílà tó wà lẹ́wọ̀n níbẹ̀ kò gbé ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Gba Jésù Kristi Olúwa gbọ́.” Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti wẹ ọgbẹ́ àwọn tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, wọ́n ti rì í bọmi, ó ti gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Ẹ gbà níwájú Ọlọ́run pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni yín, ẹ má ṣàwáwí. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ gbà pé Jésù kú nítorí rẹ̀ àti pé Ọlọ́run jí i dìde, kí ẹ sì fi ara yín lé e lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí Olúwa. Róòmù 10:9 fi ẹnu àti ọkàn pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àdúrà tí ẹ máa gbà kò ní gbólóhùn tí ẹ gbọ́dọ̀ há sórí, èdè ìlú yín sì dára fún un. Kò sí òkè àdúrà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gùn.

Mo ti gbà tipẹ́ pé Ọlọ́run wà. Ṣé ìyẹn kọ́ ni ìgbàgbọ́?

Jákọ́bù 2:19 ní àwọn ẹ̀mí èṣù náà gbà, wọ́n sì ń wárìrì. Ẹni tó mọ̀ pé ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ wà ní gáréèjì Adó kò tíì dé Ìkẹ́rẹ́. Ó di ìgbà tó bá wọlé tó jókòó, tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún awakọ̀. Ìgbàgbọ́ tí à ń sọ ni ti ẹni tó ti jókòó yẹn.

Iṣẹ́ rere ńkọ́? Àwọn aláìgbàgbọ́ kan wà tí ìwà wọn dára ju ti àwọn dékénì wa lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà, ojú sì ń tì wá. Ṣùgbọ́n ìwà kọ́ ni owó tí a fi ń ra ipò ọmọ. Éfésù 2:8-9 ní oore-ọ̀fẹ́ ni, nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣògo. Ẹ má dúró síbẹ̀ o, ẹsẹ 10 ń bọ̀: a dá wa fún iṣẹ́ rere. Iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ìbí, kì í ṣáájú rẹ̀. Dékénì tí kò ní iṣẹ́ rere kankan, ó yẹ kó padà lọ yẹ ìbí rẹ̀ wò.

Ṣé ìrìbọmi ló ń sọ ènìyàn di ọmọ Ọlọ́run?

Ibí ni àwọn ìjọ ti yapa, a ò sì ní bo yín lójú. Kátólíìkì àti Áńgílíkà ń ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Nínú kátékísìmù Áńgílíkà, ọmọ náà máa ń dáhùn pé nínú ìrìbọmi òun ni a ti sọ òun di ọmọ Ọlọ́run. Bàtíìsì àti Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi ní kí ènìyàn kọ́kọ́ gbàgbọ́, kó tó wọ inú omi ní kíkún.

Èrò tiwa nìyí. Ọ̀daràn orí àgbélébùú kò rí omi, Jésù sì ṣèlérí Párádísè fún un lọ́jọ́ náà gan-an (Lúùkù 23:43). Ní ilé Kọ̀nélíù, Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé wọn kí omi tó dé (Ìṣe 10). Símónì oṣó ní tirẹ̀ ṣe ìrìbọmi ní Samáríà, síbẹ̀ Pétérù sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kò tọ́ níwájú Ọlọ́run (Ìṣe 8:21). Omi láìsí ìgbàgbọ́ kò bímọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbọ́ tó wá ń sá fún omi, kí ló ń sá fún? Olúwa ló pàṣẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n rì yín bọmi, ohun tí a jẹ́jẹ̀ẹ́ lórúkọ yín nígbà náà ni kí ẹ fi ẹnu ara yín gbà báyìí.

Ara mi kò gbọ̀n, n kò sunkún, n kò rí ìran. Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀?

A kò kà á pé Lìdíà ará Tíátírà gbọ̀n. Olúwa ṣí ọkàn rẹ̀ létí odò, ó sì gbọ́ ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ (Ìṣe 16:14). Pọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ ṣubú lulẹ̀ lójú ọ̀nà Damásíkù. Ọmọ ni àwọn méjèèjì.

Ṣé dandan ni kí n fi èdè fọ̀?

Rárá. “Gbogbo wọn ni ń fi èdè fọ̀ bí?” ni Pọ́ọ̀lù béèrè ní 1 Kọ́ríńtì 12:30, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá fún yín, ẹ gbà á tọpẹ́tọpẹ́.

Pásítọ̀ kan ní kí n mú owó irúgbìn wá kí Ọlọ́run tó lè gbà mí.

Ẹ mú owó yín lọ sílé. Símónì oṣó fẹ́ fi owó ra ẹ̀bùn Ọlọ́run, Pétérù sì ní kí òun àti owó rẹ̀ jọ ṣègbé. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń tà á yóò fi sàn ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ.

Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ìsọdọmọ. Ṣé bí ọmọ àgbàtọ́ ni a ṣe wà nínú ilé Ọlọ́run?

Ìbéèrè dáadáa ni, torí a mọ bí nǹkan ṣe ń rí fún ọmọ àgbàtọ́ nílé wa. Wọn á bọ́ ọ, wọn á rán an níléèwé, àwọn mìíràn á fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n tí Bàbá bá kú, tí mọ̀lẹ́bí bá jókòó láti pín ogún ní ìdí igi, aya kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ojú ti ń là. Wọn á bi í pé ìdí ta ló wà.

Òfin Róòmù, tí àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí mọ̀, yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí wọ́n bá sọ di ọmọ ti kúrò lábẹ́ àṣẹ bàbá rẹ̀ àtijọ́; ó gba orúkọ ilé tuntun, ó sì jogún bí ọmọ bíbí. Julius Késárì fi ìwé ìhágún rẹ̀ sọ ọmọ ọmọ arábìnrin rẹ̀ kan, Octavius, di ọmọ. Nígbà tí wọ́n pa Késárì ní ọdún 44 ṣáájú Kristi, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba orúkọ rẹ̀ àti ogún rẹ̀. Òun ló di Késárì Augustu tó pàṣẹ ìkànìyàn inú Lúùkù 2. Nínú ayé yẹn, ọba tí gbogbo wọn ń wárí fún jẹ́ ọmọ tí a sọ dọmọ, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ náà bú ẹlòmíràn.

Wàyí o, ẹ ka Róòmù 8:15-17. Ẹ̀mí ìsọdọmọ ni a gbà, òun la fi ń ké pé “Ábbà, Baba”. Bí a bá sì jẹ́ ọmọ, ajogún ni wá, ajùmọ̀jogún pẹ̀lú Kristi. Ẹsẹ náà kò yọ ìdí igi kékeré kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó dé lẹ́yìn. Abúlé kan náà, oko kan náà, pẹ̀lú Àkọ́bí.

Bàbá tó bí mi kò dára sí mi. Tí mo bá gbọ́ “Baba”, ara mi máa ń bù máṣọ.

A ti gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn tó pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, àwọn àgbàlagbà pàápàá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú. Ọlọ́run kò ní kí ẹ fi bàbá yín mọ òun. Jésù ló ní kí a fi mọ òun: “Ẹni tí ó bá ti rí mi, ó ti rí Baba” (Jòhánù 14:9). Ẹ máa ka Lúùkù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo bí Jésù ti ń ṣe sí àwọn tí ayé ti pa lára.

Sáàmù 27:10 kò díbọ́n pé òbí kì í kọ ọmọ. Ó ní bí bàbá àti ìyá mi bá tilẹ̀ kọ̀ mí, Olúwa yóò gbà mí. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì ṣeé pè lẹ́nu, ẹ máa pè é ní Olúwa ní báyìí ná.

Mo tún ti ṣẹ̀ lẹ́yìn tí mo gbàgbọ́. Ṣé n kì í ṣe ọmọ mọ́?

Ọmọ tó ṣubú yàtọ̀ sí ọmọ tó kó lọ máa gbé nínú ẹrẹ̀. Jòhánù kọ̀wé sí àwọn tó pè ní ọmọ mi kékeré, ó ní bí a bá wí pé a kò ní ẹ̀ṣẹ̀, ara wa là ń tàn. Bí a bá jẹ́wọ́, olóòótọ́ ni Òun láti dárí jì wá (1 Jòhánù 1:8-9). Nínú ìwé kan náà ló ti ní ẹni tí a bí nípa ti Ọlọ́run kì í dẹ́ṣẹ̀ (3:9). Ohun tí ẹsẹ 3:9 yìí ń lé jáde ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn ti fi ṣe iṣẹ́, tí kò dùn ún mọ́.

Ní Lúùkù 15, ọmọ tó padà wálé ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé kí bàbá fi òun ṣe ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe. Bàbá kò jẹ́ kó dé ibẹ̀ tó fi ní kí wọ́n lọ mú aṣọ wá.

Ṣé ọmọ lè sọ ipò náà nù pátápátá? Bàtíìsì máa ń sọ pé rárá, Mẹ́tọ́díìsì àti ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ní ó ṣeé ṣe. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé ẹni tó ń fi oore-ọ̀fẹ́ ṣe àwáwí fún panṣágà ń fi iná ṣeré.

Bí mo bá jẹ́ ọmọ Ọba, kí ló dé tí ìyà fi ń jẹ mí?

Ẹsẹ tó ní ajùmọ̀jogún ni wá kò tíì parí: “bí ó bá ṣe pé àwa bá a jìyà.” Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ jẹ ẹgba, ó rì nínú òkun, ó wẹ̀wọ̀n. Àìrówó san owó iléèwé ọmọ kò fi hàn pé Baba ti kọ yín. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọmọ Ọlọ́run kì í ṣàìsàn, ẹ bi í léèrè ìdí tí inú fi ń run Tímótì (1 Tímótì 5:23).

Orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fá tàbí Ògún. Ṣé kí n yí i padà?

Bí ẹ bá fẹ́. Kò sí àṣẹ. Apolló tó jẹ́ oníwàásù tó gbóná ń jẹ́ orúkọ òrìṣà Gíríìkì, Fébè náà bẹ́ẹ̀, Herme inú Róòmù 16:14 náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí a ti kà á pé Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n lọ búra ní kóòtù.

Ọdún ìbílẹ̀ ń bọ̀. Ṣé ọmọ Ọlọ́run lè bá ẹbí rẹ̀ ṣe é?

Yálà ti Ògún ní Ìrè ni, ti Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, Ùdírókò ní Adó, tàbí ọdún ìjẹṣu nílé màmá yín, ohun tó wà nínú ọdún kan ju ọ̀kan lọ, ẹ má dì í pọ̀. Kíkí Ọba, kí á dọ̀bálẹ̀ kí á kúnlẹ̀, kí á kí mọ̀lẹ́bí, ìyẹn bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọ̀wọ̀ yẹ (Róòmù 13:7). Ẹbọ ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Ẹ kò lè jẹ níbi tábìlì Olúwa kí ẹ tún jẹ níbi ti ẹ̀mí èṣù (1 Kọ́ríńtì 10:21).

Ní ti oúnjẹ, Pọ́ọ̀lù wúlò gan-an nínú orí kan náà: ohun tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má ṣe wádìí, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ pé wọ́n ti fi rúbọ, ẹ má jẹ ẹ́, nítorí ẹni tó sọ ọ́. Iyán ìyá yín kò di ẹbọ nítorí pé oṣù ọdún la wà.

Owó tí ẹbí ń dá, ẹ san ti títì, gbọ̀ngàn àti ìlera tọkàntọkàn, àní kí tiyín pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ti ẹbọ, ẹ fi sùúrù kọ̀ ọ́, kí ẹ ti sọ ọ́ fún Olóríẹbí ṣáájú ìpàdé, kó má jẹ́ gbangba ni ẹ ti tẹ́ àgbà. Oyè tó ní ìbọ nínú, ẹ má gbà á lérò pé ẹ máa dọ́gbọ́n sí i. Ọgbọ́n náà kì í pẹ́ tán.

Màmá mi, Mùsùlùmíìnì, ní Ọlọ́run kì í bímọ. Kí ni kí n dá a lóhùn?

Ẹ kọ́kọ́ kí i dáadáa. Súrà 112 inú Kùránì ni ó ń tọ́ka sí, pé Ọlọ́run kò bímọ, a kò sì bí I. Bí ohun tó ń kọ̀ bá jẹ́ pé Ọlọ́run fẹ́yàwó, ó sì fi ara bímọ, ẹ sọ fún un pé àwa náà kò gba ìyẹn gbọ́ láé. Kò sí ìyàwó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oore-ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fi ń sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di tirẹ̀, Ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́ di tuntun.

Ní ti Jésù, àárín wa kò lè dọ́gba, ẹ má ṣe bí ẹni pé ó dọ́gba nítorí kí ilé lè tòrò. Ṣùgbọ́n ẹ máa tọ́jú màmá yín. Ọmọ Ọlọ́run tó ní “Kọ́bánì”, ìyẹn ọrẹ fún Ọlọ́run, ni owó tó yẹ kó fi tọ́jú ìyá rẹ̀, ti gbọ́ èsì tirẹ̀ nínú Máàkù 7.

Bí a bá jẹ́ ọmọ, báwo ni Jésù ṣe jẹ́ ọmọ bíbí kan ṣoṣo?

Nípa ẹ̀dá ni Òun fi jẹ́ Ọmọ, kò sí ìgbà tí kì í ṣe Ọmọ. Nípa oore-ọ̀fẹ́ ni tiwa, ọjọ́ kan wà tí a kì í ṣe ọmọ. Lẹ́yìn àjíǹde ó ní òun ń gòkè lọ sọ́dọ̀ “Baba mi, àti Baba yín” (Jòhánù 20:17). Ó pín Baba náà fún wa, ṣùgbọ́n kò pa méjèèjì pọ̀ sọ pé “Baba wa”, àfi nígbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní bí àwọn yóò ti máa gbàdúrà.

Àwọn baba ńlá wa tó kú kí ìhìnrere tó dé Èkìtì ńkọ́?

Ọwọ́ Ọlọ́run ni wọ́n wà, kì í ṣe ọwọ́ wa. Ábúráhámù kò gbọ́ orúkọ Jésù bí a ti gbọ́ ọ, ó gba Ọlọ́run gbọ́, a sì kà á sí òdodo fún un (Jẹ́nẹ́sísì 15:6). Òun kan náà ló béèrè bóyá Onídàájọ́ gbogbo ayé kì yóò ṣe èyí tó tọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ti gbọ́ tiyín.

Ọkọ mi ní bí mo bá di onígbàgbọ́ òun máa lé mi. Kí ni kí n ṣe?

Ọkàn ni ènìyàn fi ń gbàgbọ́, ọkọ kò sì lè ti ilẹ̀kùn ìyẹn. Ẹ gbàgbọ́. Ẹ má fi ìjọ ṣe ohun ìjà nínú ilé: oúnjẹ kó má ṣe pẹ́, kí ìṣọ́ òru má sì di ojoojúmọ́. 1 Kọ́ríńtì 7:13 ní bí ọkọ tí kò gbàgbọ́ bá fẹ́ máa bá obìnrin gbé, kó má fi í sílẹ̀. 1 Pétérù 3:1 ní ìwà lè jèrè irú ọkọ bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Bí ó bá ń nà yín, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbi ìtẹríba. Ẹ sọ fún àwọn ẹbí yín àti fún obìnrin àgbà kan nínú ìjọ tí ẹnu rẹ̀ kò jò, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ dúró máa jẹ ẹgba nítorí ẹ̀rí, ẹ má padà lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀.